Ìtàn Kíkọ́ Ilé Ìsìn Pétérù Mímọ́ ní Aké
Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń múra láti ṣe olùkọ́

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn àbúlé wa pé àwọn ará ìjọ a kó owó jọ, wọn a sì pinnu láti wó ilé ìsìn àtijọ́ kí wọ́n lè kọ́ títun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a gbé ọkọ́ àti dígà, wọn a gun òrùlé, wọn a sì ṣí páànù. Kí oòrùn tó wọ̀, ògiri tí àwọn bàbá wọn fi ọ̀pọ̀ oṣù mọ ti di òkìtì ilẹ̀pa. Nígbà tí ó bá wá di ọjọ́ ìyàsímímọ́ ilé títun, bí àlejò bá bèèrè pé, “Ní ọdún wo ni a kọ́ ti àkọ́kọ́? Ta ni ó fún ìjọ ní ilẹ̀? Ta ni ó gé igi àjà?” gbogbo ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ara wọn. Wọn a ní kí a lọ bi olùkọ́, nítorí olùkọ́ ni ó mọ ìwé. Olùkọ́ pẹ̀lú kò sì mọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ògiri ṣì dúró.

Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. A fẹ́ fi hàn pé ilé ìsìn jẹ́ ìwé tí a kò fi lẹ́tà kọ, àti pé ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń kà á yóò rí nínú rẹ̀ ohun tí ilẹ̀ ní, ohun tí òjò ń bàjẹ́, ohun tí ọwọ́ àwọn ènìyàn lè ṣe, àti ohun tí ojú wọn ti rí. A mú ilé ìsìn Pétérù Mímọ́ ní Aké, Abẹ́òkúta, ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ilé ìsìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó sì jẹ́ kàtídírà àwọn Áńgílíkà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá lónìí. Bí a bá mọ ti ìyá, ti ọmọ kò ní ṣòro fún wa láti mọ̀.

1. Ìjọ ṣáájú ògiri

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé ní Abẹ́òkúta, àwọn Onígbàgbọ́ ti wà kí ilé ìsìn tó wà. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun ti lé kúrò ní àwọn ìlú wọn àtijọ́, tẹ̀dó sí abẹ́ àpáta Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ sì ni aṣáájú wọn. Ogun kan náà ni ó ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá lẹ́rú lọ sí etí òkun. Díẹ̀ nínú wọn ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi, tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di Onígbàgbọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ènìyàn wọn ti ní ìlú títun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé láti nǹkan bí ọdún 1839.

Àwọn Sàró wọ̀nyí ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán àwọn míṣọ́nnárì sí wọn. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wesley ni ó kọ́kọ́ dé, ní oṣù kejìlá ọdún 1842. Henry Townsend ti ẹgbẹ́ C.M.S. dé ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1843. Ṣódẹkẹ́ gba àwọn méjèèjì tọwọ́-tẹsẹ̀. Nígbà tí Townsend padà lọ, Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá a ti Sàró wá, kò bá a padà. Ó dúró láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ń kọ́ wọn, ó sì ń gbàdúrà pẹ̀lú wọn. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i pé olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ dúró. Ilé ni ó tẹ̀lé e.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Townsend, Gollmer àti Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n ń fẹ́ gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi dúró ní etí òkun kí ọ̀nà tó là, tí Townsend àti Crowther fi lè wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Òkúkẹ́nù, tí í ṣe Ṣàgbúà, ni olórí nígbà náà, òun náà ni ó sì jẹ Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1854. Townsend tẹ̀dó sí Aké, Crowther sí Ìgbẹ̀ìn. Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Crowther ti rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ní ọdún 1848 ni a sì ri ìyá náà bọmi pẹ̀lú àwọn àkọ́so ìjọ, tí a pè é ní Hannah.

2. Ilé amọ̀

Ilé ìsìn tí a kọ́kọ́ kọ́ sí Aké, amọ̀ ni ògiri rẹ̀, koríko ni òrùlé rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo amọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ìmọ̀ ńlá ni mímọ ilé, ó sì ní òfin tirẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń ṣe é. A ó gbẹ́ ilẹ̀pa pupa ní tòsí, a ó da omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó mu omi dáadáa. Lẹ́yìn náà ni a ó máa bù ú ní ìṣù-ìṣù, tí a ó máa jù ú sókè sí ọ̀mọ̀lé. Kì í mọ ògiri náà tán lẹ́ẹ̀kan. Yóò mọ ìpele kan yíká gbogbo ilé, tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì lọ ní gíga, yóò sì dúró kí ó gbẹ kí ó tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú gbé ìpele tútù lé ìpele tútù, ògiri rẹ̀ yóò wú, yóò sì wó lu iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀lé Ẹ̀gbá mọ èyí kí míṣọ́nnárì tó dé. Ṣùgbọ́n ilé ìsìn béèrè ohun kan tí agbo ilé kò béèrè lọ́wọ́ wọn rí. Agbo ilé Yorùbá jẹ́ ọ̀pọ̀ yàrá tóóró tí ó yí àgbàlá ká. Òrùlé rẹ̀ kò fẹ̀, nítorí igi tí ó gun un kò ní láti ju ìwọ̀n yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá pọ̀, àgbàlá ni wọn yóò pé sí, lábẹ́ ọ̀run. Ilé ìsìn kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìjọ, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, ni yóò wọ abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, tí wọn yóò sì máa gbọ́ ohùn ẹnì kan. Níbo ni a ó ti rí igi tí yóò gùn tó láti orí ògiri kan dé èkejì? Bí a kò bá rí i, a ó ri òpó mọ́ àárín ilé láti gbé àjà ró, tàbí kí a mú kí ilé gùn kí ó má sì fẹ̀. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn ilé ìsìn àtijọ́ wa fi gùn tí wọ́n sì tóóró. Ẹni tí kò mọ ìdí yóò rò pé àwọn bàbá kò mọ bí a ti ń wọn ilẹ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gígùn igi ni ó pinnu fífẹ̀ ilé.

Níhìn-ín ni ìmọ̀ àwọn Sàró ti wúlò. Crowther fúnra rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní ìlú Bathurst ní Sàró nígbà èwe rẹ̀, lọ́dọ̀ John Weeks, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Sàró lẹ́yìn náà. Àwọn míràn nínú àwọn tí ó padà wálé mọ bí a ti ń fi ayùn la igi sí pákó, bí a ti ń kan ilẹ̀kùn mọ́ férémù, àti bí a ti ń so igi òrùlé pọ̀ kí ó má baà ti ògiri síta. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀lé Ẹ̀gbá àti iṣẹ́ káfíńtà Sàró ni ó pàdé nínú ilé ìsìn wa.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ìnáwó. Owó ẹyọ ni a ń ná nígbà náà. Ogójì ẹyọ ni a ń sin sí okùn kan. Àádọ́ta okùn, tí í ṣe ẹgbàá, ni orí kan. Orí mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe ẹgbàáwàá ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù fún alágbàrù. Nítorí náà, kí a tó san owó iṣẹ́ fún àwọn tí ń tẹ amọ̀ àti àwọn tí ń pọn omi, a ní láti kọ́kọ́ wá àwọn tí yóò ru owó náà. Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ilé àtijọ́, ó dára kí a máa ro orí àwọn aláàárù pẹ̀lú, nítorí wọ́n wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ.

3. Àwòrán tí ó wà lọ́kàn àwọn Òyìnbó

Bí a bá rìn káàkiri àwọn ìjọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, a ó rí ọ̀pọ̀ ilé ìsìn tí fèrèsé wọn kò rí bí ti ilé ìgbé. Òkè wọn ṣe ṣóńṣó bí ìgbà tí a bá pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ láti gbàdúrà. Níbo ni èyí ti wá? Láti dáhùn, a ní láti rékọjá òkun fún ìgbà díẹ̀, nítorí ilé tí ẹni tí ń kọ́lé ti rí rí ni ó máa ń wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọmọ ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Townsend. Ibẹ̀ ni a bí i sí ní ọdún 1815, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1886. Ní àárín ìlú náà ni kàtídírà ńlá kan wà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1114. Nígbà náà, olórí róbótó ni àwọn fèrèsé máa ń jẹ́, ògiri a sì nípọn púpọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1270 ni a bẹ̀rẹ̀ sí tún un kọ́ ní ọ̀nà tí a ń pè ní Gọ́tíkì, ó sì ju ọgọ́rin ọdún lọ kí iṣẹ́ náà tó parí. Ṣùgbọ́n wọn kò wó ilé-ìṣọ́ méjì ti àtijọ́, nítorí ó ṣì le. Ó wà nínú ilé títun náà títí di òní.

Ilẹ̀ Faransé ni ọ̀nà Gọ́tíkì ti bẹ̀rẹ̀. Ní Saint-Denis, lẹ́bàá ìlú Paris, ni a ti ya apá ìlà-oòrùn ilé ìsìn kan sí mímọ́ ní ọdún 1144, tí àwọn ènìyàn fi rí bí ìmọ́lẹ̀ ti lè kún inú ilé òkúta. Ìdí tí ó mú èyí ṣeé ṣe rọrùn láti lóye. Bí a bá fi òkúta ṣe òkè ilé tàbí òkè fèrèsé ní róbótó, ìwúwo rẹ̀ a máa ti ògiri sí ọ̀tún àti sí òsì. Nítorí náà ògiri gbọ́dọ̀ nípọn, fèrèsé sì gbọ́dọ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é ní ṣóńṣó, púpọ̀ nínú ìwúwo náà yóò sọ̀kalẹ̀ tààrà sí ilẹ̀. Èyí tí ó kù ni wọ́n fi ọwọ̀n ìtìlẹ́yìn gbé lẹ́yìn ògiri, bí ọkùnrin tí ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kí ìjì má baà ṣí i. Nígbà náà ni ògiri lè fúyẹ́, tí fèrèsé sì lè fẹ̀. Ní ilẹ̀ tí òkùnkùn àti òtútù pọ̀, ohun ńlá ni èyí jẹ́.

Àwọn ilé ìsìn kékeré ní àbúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú tẹ̀lé ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, bí agbára wọn ti mọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé kékeré kan ni a kọ́kọ́ kọ́, tí kò ju ibi tí ìjọ ń jókòó àti ibi pẹpẹ lọ. Nígbà tí ènìyàn pọ̀ sí i, wọ́n á lu ògiri ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì fi apá kan kún un. Ìran mìíràn á wá ṣe fèrèsé olórí ṣóńṣó sí ibi tí olórí róbótó wà. Òmíràn á kọ́ ilé agogo. Ní ọdún 1348 àti 1349, àjàkálẹ̀ àrùn ńlá pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ náà, ó sì pa àwọn agbẹ́kùúta pẹ̀lú wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ fi dúró ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn tí ó bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn náà kò gbẹ́ òkúta bí àwọn ti ìṣáájú. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà lè fi ìka tọ́ ibi tí ọwọ́ kan dúró dé àti ibi tí ọwọ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé pẹ̀lú ìmọ̀ yìí. Fèrèsé ṣóńṣó tí ó wà lára ògiri amọ̀ tàbí bíríkì ní àbúlé Ẹ̀gbá kò ru òkè òkúta kankan. Igi àti páànù ni ó wà lókè rẹ̀, igi àtẹ́rígbà kan ṣoṣo ì bá sì ti tó o. Kí ni ó wá ń ṣe níbẹ̀? Àmì ni. Ẹni tí ń kọjá lọ́nà yóò rí i, yóò sì mọ̀ pé ilé yìí kì í ṣe ilé ìtajà, kì í ṣe ilé ìjọba, bí kò ṣe ilé àdúrà. A kò sọ pé àmì kò dára. Ohun tí a ń wí ni pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà fún agbára yàtọ̀ sí ohun tí ó wà fún àmì. Òyìnbó la fèrèsé gígùn, ó sì fi díńgí dí i, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ó wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ìmọ́lẹ̀ kò wọ́n. Afẹ́fẹ́ àti òjìji ni a nílò. Bí a bá kó díńgí dí gbogbo fèrèsé nítorí kí ilé wa lè dà bí ti ìlú òkèèrè, ìjọ yóò máa làágùn, oníwàásù yóò sì rò pé oorun ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

4. Ọjọ́ Ìfọ́lé

Títí di ibí yìí a ti sọ ti òjò àti ti igi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò nìkan ni ó ń ba ilé jẹ́. Láàárín ọdún 1846 sí 1867, ìjọ Abẹ́òkúta dàgbà. Ogun Dàhọ̀mì dé ìlú ní oṣù kẹta ọdún 1851, ó sì tún padà wá ní oṣù kẹta ọdún 1864. Àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́ ẹ nígbà méjèèjì. Ní ọdún 1859 Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn. Ilé ìkọ́ni fún àwọn tí yóò ṣe olùkọ́ pẹ̀lú wà ní Abẹ́òkúta.

Ṣùgbọ́n àárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kò gún. Ọ̀rọ̀ ibodè, owó-bodè àti ààlà ilẹ̀ di ìjà, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí wo gbogbo Òyìnbó bí amí ìjọba Èkó. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1867, ọ̀pọ̀ ènìyàn dìde sí àwọn ilé ìsìn àti ilé àwọn míṣọ́nnárì ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n fọ́ ohun tí ó ṣeé fọ́, wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ìwé Ìròyìn kú lọ́jọ́ náà. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ọjọ́ yìí, orúkọ náà sì ti sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì Òyìnbó kúrò ní ìlú, ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ sì sá lọ sí Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀bútè Mẹ́tta. Ilé ìkọ́ni àwọn olùkọ́ pẹ̀lú bọ́ sí Èkó, títí a fi gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, tí ó di Kọ́lẹ́ẹ̀jì Andérù Mímọ́.

A kò ní sọ ìtàn yìí kí a lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn tí ó fọ́ ilé náà kò fi gbogbo ara bínú sí Ọlọ́run. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìlú wọn yóò bọ́ sọ́wọ́ àlejò, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò fi hàn pé ẹ̀rù náà jẹ́ ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń kọ́ ilé ìsìn. Bí àwọn ará ìlú bá rí ilé náà bí ilé àlejò, ọjọ́ tí wọ́n bá bínú sí àlejò ni wọn yóò bínú sí ilé. Bí wọ́n bá rí i bí ilé ara wọn, wọn yóò ṣọ́ ọ. Nígbà tí Òyìnbó kò sí mọ́, àwọn ọmọ ilẹ̀ ni ó di ìjọ mú. Láti ọdún 1877 sí 1880, James Johnson, tí òun náà jẹ́ ọmọ Sàró tí ó ti inú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wá, ni alábòójútó iṣẹ́ náà ní Abẹ́òkúta. Ògiri fọ́, ìjọ kò fọ́.

Kí a má sì rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1942, bọ́ǹbù àwọn Jámánì balẹ̀ sí kàtídírà Exeter tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú, ó sì fọ́ ilé àdúrà kékeré kan lára rẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará ìlú tún un kọ́. Kò sí ilé ìsìn tí ó pẹ́ láyé tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

5. Ilé ti ọdún 1898

Ilé ìsìn Aké tí ó dúró lónìí, ti ọdún 1898 ni. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ọdún náà jẹ́ fún àwọn Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1893 ni Gẹ̀ẹ́sì ti bá wọn ṣe àdéhùn tí ó jẹ́wọ́ pé wọ́n dá dúró. Ní ọdún 1898 kan náà ni Gbádébọ̀ jọba ní Aké, tí a sì dá Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá sílẹ̀, èyí tí ó wà títí di ọdún 1914. Iṣẹ́ ọ̀nà réluwéè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896 ń bọ̀ wá sí ìhà Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni a ṣí i títí dé Ìbàdàn.

Nítorí náà, ìran tí ó kọ́ ilé yìí kì í ṣe ìran kan náà pẹ̀lú ti 1846. Ìran àkọ́kọ́ jẹ́ àwọn tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀, tí wọ́n fi amọ̀ àti koríko kọ́lé nítorí èyí ni ilẹ̀ fún wọn. Ìran ti 1898 jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn wọ̀nyẹn, àwọn tí ó ti kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, tí òwò sì ti fún lówó. Ìṣó, páànù àti sìmẹ́ǹtì ti ń ti Èkó gòkè wá. Ìfọ́lé kò sì tíì tó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Àwọn tí ó ti rí ọjọ́ náà pẹ̀lú ojú ara wọn ṣì wà láàyè. Nígbà tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá pinnu láti kọ́ ilé tí yóò tọ́, tí yóò sì ga, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń wí fún ìlú pé àwọn kò lọ mọ́, àti pé ilé yìí kì í ṣe ti àlejò.

Èyí ni a fi wí pé ilé ìsìn ni ìwé. Amọ̀ ti 1846 sọ fún wa pé a kò dá dúró kí a tó bẹ̀rẹ̀; ohun tí ó wà lọ́wọ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ìfọ́lé sọ fún wa pé ìjọ kì í ṣe ògiri. Ilé ti 1898 sọ fún wa pé ìjọ tí kò kú yóò tún kọ́.

6. Bí olùkọ́ ti lè ka ilé ìsìn àbúlé

Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni nínú wa jẹ́ ọ̀mọ̀lé kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ojú, ẹsẹ̀, ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù ti tó.

Èkíní, kí a rìn yí ilé náà ká ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, nítorí nígbà náà ni àpá ara ògiri máa ń hàn. Bí a bá rí ìlà kan tí ó sọ̀kalẹ̀ tààrà láti òkè dé ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibi tí a ti fi ilé títun lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. Bí àwọ̀ amọ̀ bá yàtọ̀, kòtò méjì ni a ti gbẹ́ ẹ, bóyá ní ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkejì, kí a wá ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tí a ti dí. Ilẹ̀kùn tí a dí a máa sọ ibi tí ọ̀nà àbúlé gbà nígbà kan rí.

Ẹ̀kẹta, kí a wo òkè. Bí igi òrùlé bá ní ojú ìho tí kò sí ohun tí ó wọ inú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé inú ilé mìíràn ni ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí àpá òrùlé tí ó rẹlẹ̀ bá wà lára ògiri orí ilé, ilé náà ti kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi ẹsẹ̀ wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, kí a ya á sórí ìwé, kí a sì fi àmì sí ibi tí pẹpẹ wà àti ìhà ibi tí oòrùn ti ń là.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ, kí a lọ bá àwọn àgbà. Kí a má ṣe bá wọn bí ọ̀gá ilé ìwé. Kí a dọ̀bálẹ̀ tàbí kí a kúnlẹ̀ bí ó ti yẹ, kí a jókòó sórí ẹní, kí a sì jẹ́ kí Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ sọ̀rọ̀ bí ó ti bọ́ sí wọn lẹ́nu. Wọn lè má mọ ọdún náà ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n wọn yóò wí pé, “Ọdún tí eṣú dé ni,” tàbí, “Èmi ṣì ń fà lẹ́yìn ìyá mi nígbà tí wọ́n ń pọn omi amọ̀ náà.” Ẹnì kan lè tọ́ka sí igi kan pé bàbá òun ni ó gé e. Kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ti wí i, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí ẹnu méjì kò bá bára mu, kí a kọ méjèèjì. Kí a kọ ẹ̀dà kan fún àpótí ìwé ìjọ, kí a sì pa ọ̀kan mọ́ sí ilé ẹ̀kọ́.

Bí ìjọ bá wá wí pé àwọn yóò wó ilé àtijọ́, kì í ṣe tiwa láti fi agbára dí wọn. Ikán lè ti jẹ igi, ògiri sì lè ti là débi tí ó fi di ewu. Ṣùgbọ́n a lè bèèrè ìbéèrè méjì ní ìpàdé: Ǹjẹ́ apá kan wà tí ó ṣì le, tí a lè fi sílẹ̀ nínú ilé títun, bí àwọn ará Exeter ti fi ilé-ìṣọ́ wọn sílẹ̀? Ǹjẹ́ a ti kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó gbé dígà? Bí olùkọ́ bá lè mú kí ìjọ dáhùn ìbéèrè kejì nìkan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ṣe ohun tí ọmọ-ọmọ wọn yóò dúpẹ́ fún.

Àwọn àgbà a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ìjọ náà ní orísun, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà lára ògiri tí a ń gbára lé láìwò. Ògiri amọ̀ kì í dúró títí láé, àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀ kì í sì í dúró títí láé. Kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó rọ̀, kí olúkúlùkù wa lọ ka ilé kan.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Kí ni ó dé tí ọ̀pọ̀ ilé ìsìn àtijọ́ wa fi gùn tí wọn kò sì fẹ̀?
2. Sọ ohun tí fèrèsé ṣóńṣó ń ṣe nínú ilé òkúta àti ohun tí ó ń ṣe nínú ilé amọ̀.
3. Báwo ni Ìfọ́lé ṣe fi hàn pé ilé ìsìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn ará ìlú?
4. Yan ilé ìsìn kan ní ìlú tàbí àbúlé rẹ. Wọ̀n ọ́n, ya á, kí o sì kọ ohun tí àgbà mẹ́ta sọ nípa rẹ̀.